Òkè Tó Wá Bá Wa

Ọ̀ṣínúbi gbé pátákó kan ti Kánádà bọ̀,
ó fi aṣọ òtútù wé e bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú gbọ́n ọn yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀:
"Kí lèyí? Ṣé ilẹ̀kùn ni, àbí tábìlì?"
Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ni."
Wọ́n gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wọ́n ní kí ẹsẹ̀ máa lọ.

Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń pè wá lórí fóònù:
"Ẹ̀yin ará bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ẹ wá wo òkè,
òkè tó fi ìkùukùu ró ìró,
tí yìnyín tẹ́ sílẹ̀ bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́.
Èèyàn á dúró lórí pátákó, á máa yọ̀ lọ wẹ̀rẹ̀."
A dáwó. A tòlà fún físà lẹ́ẹ̀mẹta,
lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n dá ìwé wa padà.
Nígbà kẹta, wọ́n bi Jókòtọ́lá ohun tó fẹ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún.
Ó ní òun fẹ́ lọ ṣubú.
Ọmọbìnrin ẹ̀yìn gíláàsì kò rẹ́rìn-ín.

Jókòtọ́lá ti kú.
Lórí àtẹ̀gùn báńkì kan ní Yábàá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí òkè tiwa ní Òwòròǹṣòkí,
òkìtì yanrìn tí ọkọ̀ afayanrìn tú sétí ọ̀sà,
tó ga ju ilé alájà méjì lọ.
Ọyẹ́ ń fẹ́. Ọ̀ṣínúbi ní òtútù ni ká pè é.
Múfútáù wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀,
bọ́tìnì kò dé ọ̀dọ̀ ihò mọ́.
Èmi wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Bàbá aṣọ́yanrìn ní, "Típà mélòó lẹ fẹ́ rà?"
A ní a ò rà, a kàn fẹ́ yọ̀ ni.
"Yọ̀ kẹ̀? Ta ló bímọ?"
Ó gbowó ìdajì típà lọ́wọ́ wa kó tó gbà pé ayọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ṣínúbi gun pátákó, ó tẹ orúnkún, ó na apá bí àwòdì.
Pátákó kò mì.
Pátákó olówó gọbọi dúró gìdìgbà
bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ síléèwé.

Ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, Sẹ̀tọ́njí,
ọmọ apẹja, yọ lẹ́yìn òkìtì tòun ti ilẹ̀kùn fìríìjì.
Ó yọ àbẹ́là nínú ṣòkòtò, ó da pátákó dojú bolẹ̀,
ó fi àbẹ́là ra ìdí rẹ̀ títí ó fi ń dán bí orí apárí.
"Ẹ̀yin bàbá," ó ní, "wọn kì í fi ìdí gbígbẹ wá síbí."

Ṣááá!
Ọ̀ṣínúbi lọ, ó kọrí sí ọ̀sà bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè.
Múfútáù jókòó sórí ilẹ̀kùn fìríìjì, ó ń ké Láìláhà,
kóòtù rẹ̀ fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.
Èmi kò dé ìdajì òkè.
Mo yí, mo tún yí,
yanrìn kún etí, ó kún ẹnu, ó kún ibi tí n ò lè dárúkọ.
Nínú ìyípo yẹn, mo gbọ́ ẹ̀rín mẹ́rin.
Mo dá ohùn wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Nígbà tí mo lajú, mẹ́ta la wà.
Ó dáa. Ẹnì kan fẹ́ ṣubú, mo ti bá a ṣubú.

Ọ̀ṣínúbi fi pátákó sílẹ̀ fún Sẹ̀tọ́njí, ó wọkọ̀ òfuurufú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kejì, mo padà lọ. Òkè ò sí.
Típà ti kó o gba orí afárá lọ,
ó ti di ògiri ilé onílé.
Bàbá aṣọ́yanrìn ní kí n má mikàn,
òmíràn á ga tó bá fi máa di Ọjọ́rú.

Mo lọ sílé.
Díẹ̀ ṣì kù nínú bàtà mi.
N ò gbọ̀n ọ́n.